Ọjọ́ Tí Mo Kọ́kọ́ Jókòó ní Róòmù Kékeré

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a dín ìrìn ìdárayá yìí kù díẹ̀ kí n lè mí, kí n sì rọ́ àlá tí mo lá lánàá fún yín. Kì í ṣe àlá òru o. Oorun ọ̀sán ló gbé mi lọ lórí àga pálọ̀, mi ò tilẹ̀ bọ́ bàtà, ìbínú ni mo sì gbé sùn. Màmá Ṣọlá, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ ná.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta oúnjẹ àwọn ará Ítálì ní Mòkọ́lá níbí. Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo dáná fún òyìnbó Ítálì kan tó ń ṣe ọ̀nà, Ọ̀gá Pẹ́tírò ni à ń pè é. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń po ìyẹ̀fun mọ́ ẹyin, tí a ó fi igi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tí a ó sì gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó padà sí ìlú rẹ̀, mo gba ṣọ́ọ̀bù kan, mo to tábìlì mẹ́fà síbẹ̀, mo sì ní kí wọ́n kọ "Róòmù Kékeré" sára ògiri, nítorí Róòmù ni ìlú ọ̀gá mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn tó wọlé kò bèèrè oúnjẹ. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá yàrá kékeré náà ṣì ṣófo. Bàbá Dòyin, ọkọ mi, kò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí dòní.

Ewé tí Ọ̀gá Pẹ́tírò máa ń fi sínú ọbẹ̀ tòmátì kò sí lọ́jà wa, mo bá fi èfìnrín rọ́pò rẹ̀. Àdúgbò gbà á. Bàbá kan tó kọ́kọ́ sọ pé òun ò lè jẹ ekòló òyìnbó ló wá ń gbé abọ́ bọ̀ láti ilé rẹ̀, nítorí àwo tiwa kéré lójú rẹ̀.

Wúràọlá ni mo fi ibẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọdún méjìdínlógún ló ti bá mi ṣiṣẹ́. Kò tíì lọ́kọ nígbà tó dé, àkọ́bí rẹ̀ ti wọ yunifásítì báyìí. Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún un, a gbàdúrà, a ya fọ́tò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún lọ. Mo ní mo wá kí wọn ni. Mo kí wọn lọ́jọ́ kejì, mo kí wọn lọ́jọ́ kẹta, mo kí wọn títí ọ̀sẹ̀ méjì fi yí po. Bí mo bá ti kí wọn tán, n óo ṣí ìkòkò, n óo tọ́ ọbẹ̀ wò, n óo sì gbé àga tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀ lọ síbòmíràn. Lánàá, Wúrà nu ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi." Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló dùn mí. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, ǹ bá mọ èsì tí n óo fọ̀. Mo gba ilé lọ, mo fìdí lé àga, oorun sì gbé mi.

Kò pẹ́ rárá tí mo fi rí i pé mo tún wà lójú ọ̀nà Róòmù. Títì Mòkọ́lá kò sí mọ́. Ọbẹ̀ tòmátì ló ń ṣàn níbẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó mù mí dé orúnkún. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ká ìró mi sókè, mo ń wọ́dò lọ. Ọlọ́pàá kan dúró ní oríta, ó ń fi ṣíbí ọbẹ̀ darí ọkọ̀. Mo kí i. Ó ní, "Màmá, ẹ yà sí ọ̀tún díẹ̀, àlùbọ́sà ń bọ̀." Lóòótọ́, àlùbọ́sà kan tó tó bọ́ọ̀sì kọjá, ó fọn fèrè fún mi, omi sì dà lójú èmi àti ọlọ́pàá náà. A jọ nu ojú, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí mo dé Róòmù, ilẹ̀kùn wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ta ni yín?" ó bi mí.

"Èmi ni, Ìbídùn."

"Ìbídùn wo?"

"Ìbídùn tó ni ọ́."

"Ìyẹn ti fẹ̀yìn tì," ni ilẹ̀kùn wí. "Wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti ya fọ́tò. Èmi náà wà nínú fọ́tò ọ̀hún, lẹ́yìn yín, lápá òsì."

Mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo ní, "Ó dára, jẹ́ kí n wọlé gẹ́gẹ́ bí oníbàárà."

"Oníbàárà kì í ṣí ìkòkò wò. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì wá. Láìsí ìwé yẹn, ẹ kì í ṣe ọ̀gá, ẹ kì í sì í ṣe oníbàárà. Atẹ́gùn lásán ni yín."

Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń gba ìwé náà. Ó ní kí n gbójú sókè. Ọ́fíìsì kan ń léfòó lókè, ó ga ju òpó iná lọ, okùn sùpàgẹ́tì kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi so ó mọ́ òpó náà kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo di sùpàgẹ́tì náà mú, mo gùn ún lọ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, ẹ sì mọ bí àtẹ̀gùn ilé mi ṣe ń dá mi lágara, ṣùgbọ́n mo gùn ún dókè láì mí hẹlẹ. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rò ni pé wọ́n sè é dáadáa: kò rọ̀ jù, kò sì le jù.

Akọ̀wé kan jókòó sínú ọ́fíìsì náà, ó wọ kóòtù, ó de táì, irùngbọ̀n rẹ̀ tín-ín-rín. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó níwájú rẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Àjàdí, Alábòójútó Àwọn Tó Ti Ṣe Tán.

"Ẹ jókòó, Mà," ó ní.

"Ẹ ṣeun, ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn."

"Mo ti rí i nínú fáìlì yín." Ó ṣí ìwé kan. "Ọdún mélòó lẹ fi dáná?"

"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti jókòó jẹun nílé oúnjẹ tiyín?"

Mo rò ó. Mo rò ó kọjá ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kọjá ọjọ́ ọdún, kọjá ọjọ́ tí a ṣe ìgbéyàwó Dòyin níbẹ̀. Mo ní, "Mi ò jókòó rí. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná."

Ó mí kanlẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó ku ìbéèrè kan. Ta ni yóò se ọbẹ̀ lọ́la?"

Ìdáhùn náà wà létè mi. Wúrà ni mo fẹ́ sọ. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n makaróní kan ló bọ́ jáde sórí tábìlì.

"Fọ́ọ̀mù wa kò gba makaróní, Mà. Orúkọ la fẹ́."

Mo tún la ẹnu, méjì bọ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, makaróní tó kún abọ́ kan tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gbẹ́ni Àjàdí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó he ọ̀kan jẹ. Ó ní kò burú. Ó he òmíràn. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni etí rẹ̀ ń gùn sí i. Nígbà tó fi jẹ ìlàjì, ìwo ti yọ méjì, nígbà tó sì fi lá tábìlì mọ́, ó ti di òbúkọ pátápátá, táì rẹ̀ nìkan ló kù lọ́rùn. Mi ò fi ṣe nǹkan kan. Mo ti tẹ̀lé ìwé kiri ọ́fíìsì rí láyé mi, ẹni tó bá di òbúkọ ní gbangba sì sàn fún mi ju ẹni tó ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ lọ.

"Ọ̀gá," mo ní, "ìwé mi ńkọ́?"

"Mèéè," ó ní, "à ń ṣe é lọ́wọ́." Ó fa fáìlì mi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ láti ojú ewé kìíní títí dé ìkẹyìn. Ó ní, "Fáìlì yín ti wọlé. Yóò tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jáde. Mi ò sì lè ṣèlérí bí yóò ṣe rí nígbà tó bá jáde."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà yọrí lójú fèrèsé, ó rí okùn tí wọ́n fi so ọ́fíìsì. Kí n tó wí pé, "Ọ̀gá, ẹ dákun," ó ti gé e jẹ. Ni ọ́fíìsì bá gbéra. A fò kọjá lórí ilé ìwé, a fò kọjá lórí pápá tí à ń rìn yìí gan-an. Mo rí gbogbo yín, ẹ ń yí po. Bàbá Olúfọwọ́bi ti jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń ka ìrìn tí àwọn ẹlòmíràn ń rìn mọ́ tiwọn. Ẹ má bínú o, Bàbá. Àlá ni.

Ọ́fíìsì náà wọlé sínú ilé ìdáná mi láti orí òrùlé, kò sì ṣí páànù kan nípò. Ìpàdé ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìkòkò ńlá tí mo fi ń se ọbẹ̀ tòmátì ni alága. Àwọn fọ́ọ̀kì jókòó níwájú, àwọn ọ̀bẹ wà lẹ́yìn, ṣíbí onígi mi sì dúró bí ẹlẹ́rìí.

"Ìyá Dòyin, ẹ káàbọ̀," ni ìkòkò wí. "Ọ̀rọ̀ yín la ń sọ."

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti rà mí ni ẹ ti ń dé mi lórí kí n tó parí gbólóhùn. Lónìí, n óo sọ ọ́ tán. Ṣé ẹ rántí ọdún tí ẹ ṣàìsàn?"

Mo rántí. Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi nígbà náà á rántí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, oṣù méjì gbáko ni mi ò fi yọjú síta. Wúrà nìkan ló ń dáná.

Ṣíbí onígi wúkọ́ díẹ̀, ó ní, "Láàárín oṣù méjì yẹn, oníbàárà kankan kò mọ̀ pé ọwọ́ ti yàtọ̀. Nígbà tí ìyá yìí padà dé, Wúrà bu ọbẹ̀ sínú mi, ó gbé mi tọ̀ wọ́n lọ. Wọ́n tọ́ ọ wò. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n wí fún un."

Gbogbo fọ́ọ̀kì kọjú sí mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibí yìí kì í ṣe àlá mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn a máa wá sílé wa ní ìdájí, a wẹ̀ mí, a pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn mi, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí mo padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ṣíbí fún mi. Ọbẹ̀ náà dùn. Kí n má purọ́ fún yín, ó fi díẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ohun tí mo sì wí ni pé, "Iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Kò pọ̀ jù. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó nínú ara mi pé bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá lè ṣe é báyìí, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe? Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà." Láti ọjọ́ náà, kì í sọ ìkòkò kalẹ̀ láì kọ́kọ́ pè mí wá wo iyọ̀.

Nínú àlá náà, mo tún fẹ́ fi agídí ṣe é. Mo wí fún ìkòkò pé, "Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀."

Agolo iyọ̀ fò sókè lórí pẹpẹ. "Irọ́ ni! Mo wà níbẹ̀! Wọ́n ba orúkọ mi jẹ́ níwájú ata!" Ó bú sẹ́kún, ata sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ibẹ̀ ni Wúrà ti wọlé. Aṣọ ìdáná mi ló so mọ́ àyà, ó sì gùn débi pé etí aṣọ náà ṣì ń wọ́ bọ̀ láti ìta. Kò bá mi jà. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mà, ẹ jókòó."

Àga ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó ní, "Èmi ò mọ ìdí ìyá yìí o. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ń tì mí síwájú sẹ́yìn, kò jókòó lé mi lọ́jọ́ kan."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga, mo sì rọra jókòó. Àga náà mí. Ó ní, "Háà! Ẹ ò tilẹ̀ wúwo tó bí mo ṣe rò."

Ẹ wá wò ó. Ìgbà tí mo jókòó ni mo tó rí ilé oúnjẹ mi. Mo rí bí oòrùn ṣe ń gba ojú fèrèsé wọlé, tó ń rọra yọ́ sórí tábìlì. Mo rí i pé àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí mo gbé kọ́ lọ́jọ́ tí a ṣí ilé náà wọ́ sí apá kan, gbogbo ayé sì ti ń jẹun níwájú rẹ̀ láì wí fún mi. Ọ̀gbẹ́ni Àjàdí jókòó kọjú sí mi, ó fi aṣọ ìnuwọ́ bo táì rẹ̀.

Wúrà gbé àwo kalẹ̀. Sùpàgẹ́tì kan ṣoṣo gígùn ni wọ́n ká sínú rẹ̀, ọbẹ̀ tòmátì wà lórí, èfìnrín ń ta sánsán. Mo jẹ ẹ́. Mo wá àléébù. Mo wá a nínú iyọ̀, mi ò rí i. Mo wá a nínú ata, mi ò rí i. Mo gbé àwo sókè, mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òbúkọ náà bá mi wo abẹ́ tábìlì, ó ní kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Wúrà dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ra wọn níwájú, ẹnu mi ló sì ń wò. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún, ọmọ náà ṣì ń bẹ̀rù ohun tí ẹnu mi yóò sọ. Èyí dùn mí ju gbogbo ohun tí ìkòkò sọ lọ. Mo la ẹnu. Mo bẹ̀rù pé makaróní ni yóò tún bọ́.

"Wúràọlá," mo ní, "ó dùn."

Makaróní kankan kò bọ́.

"Lọ́la ńkọ́?" ni òbúkọ bi mí kíá.

"Wúrà ni. Lọ́la, lọ́túnla, àti títí lọ."

Ó gbé pátákò rẹ̀ sókè, ó lù ú mọ́ tábìlì bí òǹtẹ̀: gbì! Ilẹ̀kùn ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Àwọn fọ́ọ̀kì ń pàtẹ́wọ́, ó ń dún bí òjò lórí páànù. Wúrà nu ojú rẹ̀ nínú aṣọ ìdáná náà, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Ṣé kí n bù sí i?"

Ni mo bá jí.

Bàbá Dòyin ló dúró lé mi lórí, àwo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò mọ ibi tí à ń tọ́jú ìṣáná sí, láti ọdún mọ́kànlélógójì tí a ti fẹ́ra! Ó ti se sùpàgẹ́tì. Ó ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí igi ìdáná, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ti jó mọ́ ìdí ìkòkò, mo ń gbóòórùn rẹ̀ láti orí àga.

"Mo gbọ́ pé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́," ó ní, "mo ní kí n dán ọ wò bóyá wàá lè ṣe oníbàárà."

Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Mo mú fóònù, mo pe Wúrà. Mo ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó kí mi tán, mo ní, "Wúrà, ọbẹ̀ tí o sè nígbà tí mo ṣàìsàn. Iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó dùn."

Mo gbọ́ tó gbé ìkòkò kalẹ̀.

"Mo mọ̀, Mà," ó wí. "Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé e wá."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ara yín ò tíì yá nígbà yẹn, Mà."

Ó tún ní, "Ẹ bá wa mú Dádì wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ wá jẹun o, ẹ má wá kí wa." Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú mi, kì í ṣe ti àlùbọ́sà.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Bàbá Dòyin ṣì dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo mú, ẹnu mi ló sì ń wò. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, mo bù ú jẹ. Kò fi iyọ̀ sí i. Ó gbàgbé pátápátá.

"Báwo ni?" ó bi mí.

Mo jẹ èyí tó wà nínú àwo náà tán, mo na àwo náà sí i. Mo ní, "Ẹ bù sí i."